Omi Mímọ́ Gaara Lọ́rùn Akọ̀wé

Búlúù ló yẹ kó jáde, omi ló jáde.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì yàrá ìfọ̀jẹ̀ sọ ọ́ fún wa lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé yẹn, bí ẹni pé tó bá tún un sọ dáadáa, omi náà á padà di búlúù. Ó mú sírínjì òfìfo kan dání, ó ń fi hàn wá bó ṣe ṣe é ní Ìṣẹ́gun tó kọjá: ó ṣí ìdérí rọ́bà tó wà lọ́rùn aláìsàn náà, ó ki sírínjì bọ̀ ọ́, ó fà.

"Omi, Ọ̀gá. Ó mọ́ gaara bí omi òjò. Mo fa ẹ̀ka kejì. Omi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni ọ̀gá mi wí.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò sí ẹni tí kì í kí ní pẹ̀lẹ́ kó tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ olè, ìbáà jẹ́ opó. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá fi ń pè é ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Èmi ni mo máa ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé àti bírò, tí mo ń kọ ohun tí àwọn èèyàn bá sọ sílẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti jọ ń ṣe é.

Aláìsàn tó kú náà, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ lẹ́tà fún àwọn tí kò mọ̀wé níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ní Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, láti ara rọ́bà ẹlẹ́ka méjì tí wọ́n tẹ̀ bọ iṣan ńlá ọrùn rẹ̀. Tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ tán, rọ́bà náà kì í jáde. Ó ń gbé e lọ sílé ni. Kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sínú rẹ̀, kí kòkòrò má sì baà tẹ̀dó síbẹ̀, nọ́ọ̀sì a fi oògùn díẹ̀ kún ẹ̀ka méjèèjì, a sì pa á dé di ọjọ́ tó ń bọ̀. Àgádágodo ni wọ́n ń pe oògùn yẹn. Mo mọ orúkọ náà tipẹ́. Ọdún méjì ni mo fi jókòó ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó mi, mi ò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tiwa, oògùn náà kò ní àwọ̀. Tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí lágbára jù ú lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ojú ọ̀run tí òjò ti dá lára rẹ̀. Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì sẹ́yìn ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Ní Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, omi ni wọ́n fà lọ́rùn Akọ̀wé. Ẹ̀rọ kò tíì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta bò ó, eyín rẹ̀ ṣì ń lu ara wọn. Kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó ti kú. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì.

"Ta ló ti rọ́bà náà pa ní Àbámẹ́ta?" ni Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bi í.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wolẹ̀. "Sístà Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀."

A ti mọ̀. Láti Ẹtì ni obìnrin náà ti wà ní àtìmọ́lé wa. Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó jí oògùn, ó sì fi omi lásán rọ́pò rẹ̀ títí èèyàn fi kú.

"Kí ló mú yín rò pé ó jí i?"

"Aláìsàn mẹ́jọ ló tì pa lọ́jọ́ yẹn. Ìgò kan fún ẹnì kan, a sì gbọ́dọ̀ kó ìgò òfìfo pa mọ́. Mẹ́fà la rí." Ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. "Wọ́n tún jà, òun àti Akọ̀wé. Gbogbo yàrá ló gbọ́."

* * *

Aṣọ iṣẹ́ tó wọ̀ ní Ẹtì ló ṣì wà lọ́rùn Sístà Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀. Àwọn aláìsàn ló fún un lórúkọ yẹn, torí pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í dunni. Wọ́n mú un jókòó síwájú wa nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn káńtà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Sístà."

"Ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ bi mí ní ohun tí ẹ fẹ́ bi mí."

"Ṣé ẹ fi búlúù sí rọ́bà Akọ̀wé?"

"Mo fi sí i."

"Ẹ fojú ara yín rí i?"

"Rọ́bà yẹn mọ́ bíi gíláàsì, sà. Mo rí búlúù tó gùn ún dé ẹnu. Òun náà ní òun fẹ́ rí i, mo gbé dígí fún un. Ó ní, 'Sístà, ẹ ti sọ mí di gègé. Ẹ ti rọ yíǹkì sí mi lọ́rùn.' Ó ní ó kù kí òun fi orí kọ lẹ́tà." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà fọ́ sí i lẹ́nu.

"Wọ́n ní ẹ jà."

"Kì í ṣe ìjà. Kílò mẹ́rin omi ló gbé wá lára. Mo ní ṣé kànga lẹ gbé mì ni? Ó ní ooru ló mú òun. Mo ní bí omi bá bo ọkàn yín mọ́lẹ̀, ooru kò ní mú yín mọ́ láéláé. Mo pariwo. Sà, ẹni tí mo bá fẹ́ràn ni mo máa ń pariwo mọ́."

"Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà tí ẹ ń tì í pa?"

"Kò sẹ́ni. A kì í jẹ́ kí ará ilé wọlé tí a bá ń ṣí rọ́bà tàbí tí a bá ń tì í, kí kòkòrò má baà pọ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n máa ń dúró sí. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìgbà gbogbo ni ìyá yẹn máa ń wò wá."

"Ta ló ṣàlàyé oògùn tuntun yìí fún ìyá?"

Sístà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"A lẹ ìwé mọ́ ògiri," ló wí.

Nígbà tí a jáde, mo ní, "Ọ̀gá, ẹni a bá lábà là ń pè ní baba. Ẹni a bá nídìí oògùn, kí là ń pè é?"

"Nọ́ọ̀sì," ló dá mi lóhùn, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

* * *

Ìgò méjì tó sọnù kò gbà wá ní wákàtí kan. Ẹ̀yìn yàrá ìfọ̀jẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù kékeré ọkùnrin tó ń tún àwọn ẹ̀rọ ṣe wà, Bàbá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló kun orí ìka yín ní búlúù báyìí?"

Bàbá Ẹ̀rọ wo ìka ara rẹ̀ bí ẹni tí ìka náà dà. Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde láìsọ̀rọ̀. Ìgò kékeré méjì ló wà níbẹ̀, súkúrúù wẹ́wẹ́ kún inú wọn.

"Ìdérí wọn le, sà. Nǹkan kì í dà nù nínú wọn. Inú garawa ìdọ̀tí ni mo ti ṣà wọ́n."

"Ẹ mọ̀ pé nítorí ìgò méjì yìí ni obìnrin kan ṣe ń sùn sórí sìmẹ́ńtì?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Wọ́n ní ìpànìyàn. Mo ní tí mo bá yọjú, èmi ni wọ́n máa dì mú." Ó bẹ̀rẹ̀ sí da súkúrúù rẹ̀ sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí kí Sístà yẹn tó mọ̀wé kà. Ẹ dákun, ẹ má sọ fún un pé èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un, Bàbá."

Olè ti jáde nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n omi ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí a gbé ìgò méjèèjì dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ó mí kanlẹ̀, ó ní bí kò bá jalè, bóyá ó gbàgbé ni. Bóyá omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣan rọ́bà ló fi tì í, tó rò pé òun ti fi oògùn sí i. Ikú tí àìbìkítà bá fà, ikú náà ni. Ilé ẹjọ́ ṣì ń dúró.

* * *

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi ti ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan wọlé lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, ó ń mí bí ẹni tó sáré. Awakọ̀ ọkọ̀ àjàgbé ni kó tó fẹ̀yìn tì, àga rẹ̀ ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Akọ̀wé.

"Ọ̀gá Awakọ̀, òní kọ́ ni ọjọ́ yín," ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì wí.

"Ẹ́ńjìnnì ló kọ iṣẹ́, Sístà. Ẹ wò mí bí mo ṣe ń yọ èéfín."

Dókítà kan tó kéré lọ́jọ́ orí sún mọ́ ọn, ó ṣí rọ́bà ọrùn rẹ̀, ó ki sírínjì bọ̀ ọ́, ó fà. Kò sí ohun tó jáde. Ó tún fà. Okùn ẹ̀jẹ̀ dúdú kan yọ, ó há sẹ́nu rọ́bà.

"Ó ti dí," ni Dókítà wí. "Kí ni mo sọ fún yín ní Àbámẹ́ta?"

"Ẹ ní kí n gba búlúù. Mo ní n ò gbà. Ohun tó pa Akọ̀wé lójú mi, kí n tún wá na ọrùn sí i? Ṣé orí mi pé?"

"Ẹ ní kí n fi omi iyọ̀ lásán tì í. Omi iyọ̀ ò lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ti gba ìsàlẹ̀ wọ̀ ọ́, ó ti dì bí ògì. Ọjọ́ méjì péré, ẹ wò ó! Àfi ká yọ ọ́, ká tẹ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Tí àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé yín náà bá dé lọ́la, bí tiwọn ṣe máa rí nìyí."

Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ti dìde. Ó dúró láìmira bí ajá ọdẹ tó gbọ́ ìró nínú igbó.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Omi iyọ̀, láti Àbámẹ́ta di òní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó sì dí."

"Ó gbọ́dọ̀ dí."

Ọ̀gá mi yíjú sí ọ̀gá nọ́ọ̀sì. "Ti Akọ̀wé ńkọ́? Láti Àbámẹ́ta sí Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ẹ fa omi yẹn, ṣé rọ́bà rẹ̀ dí?"

Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé ẹnu.

"Kò dí. Ó ń ṣàn bí ẹnu ẹ̀rọ omi. Mo tiẹ̀ yin Ọlọ́run."

"Tó bá jẹ́ pé omi ni Sístà fi sí i ní Àbámẹ́ta, ó yẹ kó ti dí pa. Kò dí, nítorí pé oògùn ló wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹnì kan ló fà á jáde, tó fi omi rọ́pò rẹ̀, omi náà kò sì tíì pẹ́ níbẹ̀ kí ẹ̀yin tó ṣí i. Wákàtí kan, ó pọ̀ tán méjì. Àárọ̀ Ìṣẹ́gun gan-an ni. Aago mélòó ló dé?"

"Aago méje kù díẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé, tààrà ló wọlé. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá, bó ṣe máa..."

Kò parí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá," ni Ọ̀gá Awakọ̀ ké láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, "ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, ẹ mú un wá síbí kí n rí i. Títí mo fi máa mọ ohun tó pa ọ̀rẹ́ mi, ẹnikẹ́ni ò ní fi nǹkan kan sí mi lọ́rùn."

"Ẹ máa kú, Bàbá," ni Dókítà wí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú.

"Kí n kú pẹ̀lú ojú mi ní lílà."

* * *

Alágbàfọ̀ ni ìyá Akọ̀wé. Aṣọ funfun kún ojúde rẹ̀ lórí okùn mẹ́rin, a ní láti máa fi orí ya wọ́n bí ẹni tó ń la kùrukùru kọjá. Òun nìkan ló wà nílé. Ó ń lọ aṣọ. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ni, mo sì mọ ẹni tó ni ín kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi.

"Ẹ ti rí i?" Kò tíì gbé ojú sókè.

"Ẹni wo, Màmá?"

"Ẹni tó pa ọmọ mi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá."

"Mo ti gbọ́ pẹ̀lẹ́ tó láti Ọjọ́bọ̀. Ẹ jókòó."

A jókòó. Lórí pẹpẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tẹ́ aṣọ funfun kan. Ife kan wà lórí rẹ̀, àwo pẹlẹbẹ kan, àti sírínjì kan tí kò ní abẹ́rẹ́. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wò ó láìfọwọ́ kàn án.

"Kí ni èyí wà fún, Màmá?"

"Ilé ìwòsàn ló fún wa ká máa fi wọn oògùn olómi rẹ̀. Mo ti sè é. Kò sí nǹkan ọmọ mi tí n kì í sè."

Ọ̀gá mi yẹra díẹ̀ kí n lè rí i. Ẹnu sírínjì náà ló yẹ kó funfun: àmì búlúù rèé yí i ká, tín-ín-rín bí òwú.

Ó padà jókòó. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ju bó ṣe máa ń rẹlẹ̀ lọ. "Màmá, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ díẹ̀. Búlúù tí ẹ̀yin alágbàfọ̀ ń fi sí aṣọ, kí ló ń ṣe?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú rẹ̀ là.

"Búlúù? Búlúù kì í fọ nǹkan kan. Ọṣẹ ló ń fọ̀, omi ló ń fọ̀, apá ló ń fọ̀. Ojú ni búlúù ń tàn. Alágbàfọ̀ tó bá lẹ, tí kò fọ aṣọ kó mọ́, á rì í sínú búlúù, aláṣọ á ní háà, ó mà funfun o. Kó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó làágùn díẹ̀, ìdọ̀tí á yọjú. Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe é. Mi ò fi búlúù bo ìdọ̀tí ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ rí."

"Òótọ́ ni."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró lórí ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó na ìka sí mi. "Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé dání, ẹ kọ èyí. Mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi mí. Nọ́ọ̀sì yẹn lẹ. Wọ́n ní àwọn ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ó dáa. Ní Àbámẹ́ta, mo dúró lẹ́yìn gíláàsì, mo rí i tó ń rọ búlúù sínú rọ́bà ọmọ mi. Mo ní yéè! Wọn ò fọ rọ́bà yìí, wọ́n fi búlúù bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ọmọ mi ń fi í ṣeré, ó ní wọ́n rọ yíǹkì sí òun lọ́rùn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Aṣọ lásán, tí a ò bá ṣan búlúù kúrò lára rẹ̀, ó máa ń mú àbàwọ́n. Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi ni n ó jẹ́ kí wọ́n tú u sí?"

"Kí lẹ wá ṣe, Màmá?"

"Mo fọ̀ ọ́."

Bó ṣe sọ ọ́, orí rẹ̀ wà lókè. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

"Àárọ̀ Ìṣẹ́gun, ká tó jáde. Mo ti se omi láti ọjọ́ Ajé, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo dé e. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́. Mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí mo fi mọ̀ ọ́n: ẹ há ẹ̀mú kékeré ara rẹ̀, ẹ ṣí ìdérí, ẹ ki sírínjì bọ̀ ọ́, ẹ tú ẹ̀mú. Mo fa búlúù yẹn jáde tán. Mo fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, bí a ti ń ṣan aṣọ funfun. Ó mọ́, Ọ̀gá. Ó mọ́ tónítóní. Ọmọ mi dijú, ó rò pé awọ ọrùn òun ni mo ń nù. Ó ní, 'Ìyá mi, ẹ ń fọ̀ mí bíi kọ́là ọ̀gá ilé ìwé.' Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fi í lé wọn lọ́wọ́ ní mímọ́, àwọn ni wọ́n sọ ọ́ di ẹlẹ́gbin. Ẹ kọ ọ́."

Bírò mi ti dúró láti ibi tó ti sọ pé òun fọ̀ ọ́.

Ó wò mí. Ó wo ìwé. "Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́?"

Mo wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ń wo ilẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹni yìí ò kọ̀wé mọ́?"

Òórùn aṣọ jíjó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Alágbàfọ̀ ogójì ọdún, áyọ́ọ̀nù ń jó ṣẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ló dìde tó gbé e kúrò.

"Màmá," ló wí, "búlúù yẹn kì í ṣe irú tiyín. Kì í bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Oògùn ni. Òun ló ń lé kòkòrò sẹ́yìn. Omi tí ẹ sè, nígbà tó wà nínú ife láti..."

Kò lè parí rẹ̀. Ìyá ló parí rẹ̀ fún un.

"Ó sùn mọ́jú." Ó wo ife náà. "Omi tó bá sùn mọ́jú, mi ò jẹ́ fi ṣan aṣọ ọmọ ọwọ́." Ó tún ní, "Mo dé e. Àwo yẹn ni mo fi dé e."

Ó jókòó sílẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ọ̀gá mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlá. "Mo lè kọ ọ́ pé kòkòrò wọlé, a ò mọ ọ̀nà tó gbà. Rọ́bà tí kò dí yẹn tó láti tú Sístà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ yín."

"Àwọn tí wọ́n jọ ń lo ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Màmá..."

"Mò ń bi yín léèrè."

"Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Àwọn mẹ́rin ti kọ búlúù náà. Rọ́bà ẹnì kan ti dí."

"Wọ́n rò pé òun ló pa ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá náà mi orí, mi ò mọ iye ìgbà. Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí mi.

"Ẹ kọ ọ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́. Ìyá wo ni n ó tún pe ara mi, tí ọmọ ẹlòmíràn bá kú torí pé ojú ń tì mí?"

Mo kọ ọ́. Mo kà á fún un, ó sì ní kí n fi kún un pé Sístà kò lẹ. Nígbà tó kan àtàǹpàkò títẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta la tẹ̀ ẹ́ kó tó hàn. Omi àti ọṣẹ ti pa gbogbo ìlà ìka rẹ̀ rẹ́.

* * *

Ọ̀gá àgbà wa ka ìwé náà ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹjọ́ wo ni adájọ́ fẹ́ dá a tó máa ju èyí lọ?" ló wí, ó sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tú Sístà sílẹ̀. Wọn ò fi ẹ̀sùn kan ìyá náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ ń parí iṣẹ́, Dókítà jẹ́ kí ìyá Akọ̀wé wọ yàrá ìfọ̀jẹ̀. Wọ́n fún un ní ìbòmú, wọ́n so épúrọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Aláìsàn méje ló jókòó. Sístà Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ wà níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ Ẹtì yẹn ló ṣì wọ̀. Kò tíì délé láti àgọ́.

"Mo kí gbogbo yín," ni ìyá wí. "Èmi ni ìyá Akọ̀wé. Búlúù yẹn kò pa ọmọ mi. Sístà kò pa á. Èmi ni mo fà á jáde lọ́rùn rẹ̀ nílé, mo fi omi rọ́pò rẹ̀. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹ gbà á o. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé yín pé bó ti wù kí wọ́n fẹ́ràn yín tó, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀rọ kan ń dún pí, pí, pí, kò sẹ́ni tó lọ pa á. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Awakọ̀, tí rọ́bà tuntun wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì ọrùn rẹ̀, ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Sístà, ẹ wá ti tèmi pa," ló wí. "Ẹ fi búlúù kún un dé ẹnu."

Ìyá ti ń lọ síwájú Sístà, orúnkún rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀. Sístà sáré dì í mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Àwa la ò sọ fún yín. A kàn lẹ ìwé mọ́ ògiri."

"Mi ò lè kà á," ni ìyá wí. "Òun ló máa ń kàwé fún mi."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n di ara wọn mú. Mo gbọ́ nígbà tí ìyá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sístà, fífọ̀ tí mo fọ̀ ọ́ yẹn, ṣé ó dùn ún?"

"Rárá, Màmá. Kì í dunni níbẹ̀."

"Kò dùn ún?"

"Kò dùn ún rárá."

Ìyá náà mi orí. Kó tó jẹ́ kí wọ́n mú òun jáde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ṣófo, ó rí i pé aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ ti hunjọ níbì kan, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa.